Ẹ̀gbọ́n ni olùjẹ́jọ́ kìíní, gómìnà ni ìkẹta: ohun tó wà nídìí ẹjọ́ ilẹ̀ ní Àkúrẹ́

Bí akọ̀wé kóòtù bá pe ẹjọ́ ilẹ̀ ní ilé ẹjọ́ gíga Àkúrẹ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ orúkọ àwọn tí wọ́n pè lẹ́jọ́. Nínú irú èyí tí à ń sọ yìí, olùjẹ́jọ́ kìíní lè jẹ́ ọmọ bàbá olùpẹjọ́ gan-an. Ìkejì ni ẹni tó ra ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkẹta, Gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìkẹrin, Kọmíṣọ́nnà fún ètò ìdájọ́, tó tún jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀. Ìkarùn-ún, ọ̀gá kan ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ẹni tó kàn bá èèyàn wá, tó jókòó sẹ́yìn, á máa bi ara rẹ̀ pé kí ló kan gómìnà nínú ìjà ọmọ bàbá méjì.

Ó kàn án, ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò. Ẹjọ́ méjì ló wà nínú ẹjọ́ kan. Àkọ́kọ́ ni ti ẹbí: ta ló lẹ́tọ̀ọ́ láti fọwọ́ sí ìwé lórí ilẹ̀ bàbá wa? Ìkejì ni ti ìjọba: ṣé bí òfin ṣe là á kalẹ̀ ni wọ́n ṣe gba ilẹ̀ náà, àbí bí wọ́n ṣe fi ìwé rẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́? Ẹni tó bá da méjèèjì pọ̀, tó ń pariwo pé ìjọba fẹ́ jẹ wọ́n mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti fọwọ́ síwèé, owó lọ́yà ló ń dà nù. Ní tèmi, ti ẹbí yìí ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ tú, torí bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò ráyè wọlé.

Ẹ jẹ́ ká ti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ọjọ́ 3 oṣù Kejì ọdún 1976 ni wọ́n yọ Ìpínlẹ̀ Oǹdó lára Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, tí wọ́n fi Àkúrẹ́ ṣe olú-ìlú. Ìlú tí oko kòkó àti ọ̀pẹ yí ká di ibi tí ìjọba ti ń wá ilẹ̀ sẹkitéríàtì, ilẹ̀ ilé gómìnà, ilẹ̀ ilé òṣìṣẹ́. Bí Alágbàkà ṣe di ti ìjọba nìyẹn, tí Ìjàpọ̀ di ẹ́sítéètì. Ní 1981, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀, FUTA, dé. Pápákọ̀ òfuurufú náà gba tirẹ̀ lápá Ọbà-Ilé. Ilẹ̀ oko ẹbí kan tàbí òmíràn ni púpọ̀ nínú wọn tẹ́lẹ̀.

Láàárín ìyẹn ni Òfin Ìlò Ilẹ̀ dé, ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, lábẹ́ ìjọba ológun Ọbásanjọ́. Abala kìíní rẹ̀ ló sọ pé gbogbo ilẹ̀ tó wà ní ìpínlẹ̀ kan di ohun tí gómìnà ń dì mú fún àǹfààní gbogbo ará ìlú. Wọ́n sì fi abala 315 ìwé òfin orílẹ̀-èdè 1999 ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, débi pé ẹni tó bá fẹ́ yí i padà gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà tí à ń gbà yí ìwé òfin orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀ padà. Àwọn bàbá wa tó gbọ́ ọ lórí rédíò nígbà náà rò pé ilẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹbí pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abala 34 àti 36 dá ẹni tó ti ń lo ilẹ̀ kí òfin tó dé mọ̀, ì báà jẹ́ ilẹ̀ ilé tàbí ilẹ̀ oko, bí ẹni pé ìjọba ló fún un. Ẹbí ṣì ń tà, ẹbí ṣì ń pín. Ohun tó yí padà ni pé abala 22 ní kí ẹnikẹ́ni má gbé ẹ̀tọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà. Nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo lọ́dún 1989, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ẹni tí òfin bá lórí ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, tí kò gba ìwé kankan lọ́wọ́ ìjọba, náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ yìí.

Nítorí náà, ilẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n tà ní kọ̀rọ̀ lọ́nà Ọdà tàbí Ìgbàtòrò, ìwé rẹ̀ á gba Alágbàkà, níbi tí àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, kọjá lọ́jọ́ kan. Òṣìṣẹ́ kan á wo sọ́fè, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀ náà, á wo rìsíìtì, á lu òǹtẹ̀. Òṣìṣẹ́ yẹn kò mọ ìyá ẹnì kankan. Ìwé tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀ ló mọ̀. Ibẹ̀ ni gómìnà ti wọ inú ìjà ọmọ bàbá méjì.

Ilẹ̀ tí bàbá fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún, kì í ṣe ti àkọ́bí nìkan. Ti gbogbo ọmọ ni, lọ́kùnrin lóbìnrin. Olórí ẹbí ń dì í mú ni. Àmọ́ ẹ̀gbọ́n ti jókòó sórí àga bàbá fún ogún ọdún, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ náà, òun ni àlejò ń bá dọ̀bálẹ̀. Ó ti wá dà bíi pé tirẹ̀ ni. Bí owó bá dé, ó tà.

Ohun tí òfin sọ nípa irú títà bẹ́ẹ̀ ti wà nílẹ̀ láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959, àwọn lọ́yà ilẹ̀ kì í sì í jẹ́ kó tutù lẹ́nu wọn. Bí olórí ẹbí bá dá tà á láìgba àṣẹ àwọn àgbà ẹbí, títà náà dúró títí àwọn yòókù á fi lọ kóòtù kí wọ́n fà á wó, bí wọn kò bá sì tètè lọ, ó lè bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò sí títà kankan láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà kẹta wà tí ọ̀pọ̀ kì í fọkàn sí: bí olórí ẹbí bá tà á gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ ara rẹ̀, òfo ni. Ìdí nìyẹn tí lọ́yà fi máa ń gbé rìsíìtì sókè ní kóòtù tí yóò ní kí ẹlẹ́rìí kà á síta. Rìsíìtì ilẹ̀ tí wọ́n fi ọwọ́ kọ, tí sítáǹbù wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lè kà báyìí pé: "Èmi Lágbájá gba owó ilẹ̀ mi." Tàbí kó kà pé: "Àwa ẹbí Lágbájá, nípasẹ̀ olórí ẹbí wa." Àárín "mi" àti "wa" yìí, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè wó síbẹ̀.

Bí ẹbí bá fẹ́ pín in, ìjà mìíràn tún nìyẹn. Ìdí-igi ni àṣà wa, ìyẹn ni pé iye ìyàwó tó bímọ fún bàbá ni à ń wò. Orí-ò-jorí ni pé kí á ka orí ọmọ. Ìyá kan tó bí ọmọ kan ṣoṣo máa fẹ́ ìdí-igi, èyí tó bí méje á fẹ́ orí-ò-jorí, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ẹjọ́ ẹbí Dawodu àti Danmole tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó lọ títí dé ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1962, ohun tí wọ́n sì sọ níbẹ̀ ni pé ìdí-igi ni àṣà tó wọ́pọ̀. Bí ìjà bá dé, olórí ẹbí lè sọ pé kí wọ́n fi orí-ò-jorí pín in.

Ẹ jẹ́ kí á wá wo bí owó gbà-má-bìínú ṣe ń dá ìjà sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n àti òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń pàdé gan-an. Ìjọba fẹ́ la títì tàbí kọ́ nǹkan. Àwọn òṣìṣẹ́ dé oko láàárọ̀ pẹ̀lú fáìlì. Wọ́n ń ka igi: kòkó tó ti ń so lọ́tọ̀, èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà lọ́tọ̀, ọ̀pẹ, obì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ ìdí kòkó. Bí abà bá wà níbẹ̀, wọ́n á wọn abà. Ẹni tó mú ìwé dání á wá béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ bàbá, orúkọ ta ni ká kọ sí i?" Ẹni tó wà lóko lọ́jọ́ náà ló máa dáhùn. Àwọn yòókù wà ní Èkó, wọ́n wà ní Abuja, òmíràn ń ta aṣọ ní Ọjà-Ọba. Orúkọ kan ṣoṣo wọ fáìlì. Ọdún kan, méjì, wọ́n pe ẹni náà wá gba ṣẹ́ẹ̀kì.

Abala 29 Òfin Ìlò Ilẹ̀ ò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Ó ní bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ àjùmọ̀ní ni, gómìnà lè ní kí wọ́n san owó náà fún àwùjọ tó ni ín, tàbí fún baálẹ̀ tàbí olórí wọn kó pín in bí àṣà ṣe wí, tàbí kí wọ́n kó o sí àpò kan fún ànfààní wọn. Ìjọba tó bá san án fún olórí ẹbí lè sọ pé òun ti ṣe ti òun. Ẹ̀gbọ́n tí kò bá pín in, ìjà rẹ̀ pẹ̀lú àbúrò kúrò ní ti ìjọba nìyẹn. Kí wọ́n pè é kó wá ṣírò owó fún ẹbí ló kù. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹni tí kì í ṣe olórí ẹbí rárá ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀, tí òṣìṣẹ́ kò béèrè ju ẹnì kan lọ, ìjọba ò lè fọwọ́ nu ẹnu.

Iye owó náà tún ń bí àwọn èèyàn nínú. Abala yẹn kan náà ní ilé tí wọ́n kọ́ síbẹ̀ ni wọ́n máa san owó rẹ̀, kí wọ́n yọ ti ogbó kúrò. Irè oko náà, wọ́n á san án ní iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dá lé e. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Owó ilẹ̀ tí o bá san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á ni wọ́n máa dá padà fún ọ. Ẹbí tí kò san nǹkan kan fún ìjọba rí, òfo ni ti ilẹ̀. Ẹni tó ń gbọ́ iye tí wọ́n ń ta púlọ́ọ̀tì kan lápá ibẹ̀ lónìí, ẹ wo bí ojú rẹ̀ ṣe máa rí. Abala 47 tún ní kí kóòtù má yẹ̀ ẹ́ wò bóyá owó náà tó. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ ní ìpínlẹ̀ ni kí wọ́n gbé e lọ. Abala 44 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ní tirẹ̀ sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ gba ohun ìní ẹnikẹ́ni láìsan owó gbà-má-bìínú kíákíá, ẹni náà sì lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ bá kóòtù sọ̀rọ̀ lórí iye rẹ̀. Èyí ni lọ́yà ẹbí fi ń jà.

Ibi tí ìjọba ti máa ń ṣubú jù, bí ẹ bá bi mí, ni ìwé ìfitónilétí. Abala 28 Òfin Ìlò Ilẹ̀ ní gómìnà lè gba ilẹ̀ padà nítorí ohun tí gbogbo ìlú máa jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí gómìnà yàn gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, ìwé náà sì gbọ́dọ̀ tẹ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ọjọ́ tó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ kú. Bí kò bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kò tíì kú. Kí wọ́n kàn gbé e jáde nínú gàsẹ́ẹ̀tì ìjọba kò tó. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tún sọ ọ́ lọ́dún 2012 nínú ẹjọ́ ilẹ̀ Ibafon ní Èkó pé onílẹ̀ tí a mọ̀ gbọ́dọ̀ rí ìwé tirẹ̀ gbà. Ìjọba á wá gbé ìwé jáde ní kóòtù pé àwọn fún olórí ẹbí, wọ́n á fi ẹ̀dà tí ẹni kan tẹ̀ka sí hàn. Ìka ta ni? Bó bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ olùjẹ́jọ́ kìíní, tó sì gbé ìwé náà sábẹ́ ìrọ̀rí láìsọ fún ẹnì kankan, apá olùpẹjọ́ ti dá síbẹ̀.

Ìdí tí ìjọba fi gba ilẹ̀ náà tún ṣe pàtàkì. Ní 1974, nínú ẹjọ́ Ereku àti gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Àárín Ìwọ̀-Oòrùn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ìjọba kò lè gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan kó fi fún iléeṣẹ́ aládàáni. Ẹjọ́ Osho ní 1991 tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ lábẹ́ Òfin Ìlò Ilẹ̀. Nítorí náà, bí ìwé bá sọ pé ilé ìwòsàn ni wọ́n fẹ́ fi ilẹ̀ kọ́, tí ilé àwọn ọ̀gá wá ń yọ níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹbí ní ohun tí wọ́n lè dìrọ̀ mọ́. C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí ìjọba pé èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti lo ilẹ̀, tí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ bá gbé jáde kò ju ẹ̀rí lọ. Bí ẹlòmíràn bá fi hàn pé òun lẹ́tọ̀ọ́ sí ilẹ̀ kí wọ́n tó fún un, kóòtù lè fagi lé e. Àwọn kan ń fi C of O yangàn bí ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí látọ̀run.

Àmọ́ ẹbí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi hàn pé àwọn ló ni ilẹ̀. Ẹjọ́ Idundun àti Okumagba ní 1976 ka ọ̀nà márùn-ún: ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀, ìwé, ìlò tó fi hàn pé tìrẹ ni, pípẹ́ lórí ilẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó fara tì í. Ìtàn ni ọ̀pọ̀ ẹbí Àkúrẹ́ gbójú lé, ibẹ̀ ni bàbá ẹni ọgọ́rin ọdún ti ń làágùn nínú àpótí ẹlẹ́rìí. Lọ́yà á ní, "Bàbá, ta ló kọ́kọ́ dé ilẹ̀ yìí?" Bàbá á dárúkọ. "Báwo ló ṣe dé ibẹ̀? Ṣé ó fi ogun gbà á ni, àbí ọba ló fún un, àbí ẹgàn ló já?" "Ẹgàn ni." "Ta ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?" Ó dárúkọ. "Lẹ́yìn ìyẹn?" Bàbá dákẹ́, ó ní òun mọ̀ ọ́n, orúkọ ni kò sọ sí òun lẹ́nu. Ẹbí tó jókòó sẹ́yìn á máa fi ètè ránṣẹ́, adájọ́ á ní kí wọ́n dákẹ́. Bí àlàfo bá wà láàárín ẹni tó tẹ̀dó àti ẹni tó ń jẹ́rìí, ìtàn já nìyẹn. Bí ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ olùjẹ́jọ́ bá sọ ìtàn tó yàtọ̀, tí méjèèjì sì jọ òótọ́, kóòtù á tẹ̀ lé ohun tí ẹjọ́ Kojo àti Bonsie fi lélẹ̀ ní 1957: ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ ni wọ́n á fi wọn ìtàn. Ta ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀? Ta ló gbin pẹ̀rẹ̀gún ààlà? Ta ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé òpó iná gba ibẹ̀? Kí bàbá tó kú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ wọ̀nyí sílẹ̀.

Nípa ìwé, ẹni tí bàbá rẹ̀ ra ilẹ̀ tó sì fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ọdún 1976 tó dé, kó má fi Alágbàkà nìkan mọ. Ìbàdàn ni olú-ìlú Ìwọ̀-Oòrùn nígbà náà, ibẹ̀ ni ìwé ilẹ̀ ń lọ.

Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kò gbà wá ní àkókò púpọ̀. Òfin ọlọ́pàá ọdún 2020, abala 32, ní wọn kò gbọdọ̀ mú ẹnì kan torí ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe ọ̀ràn. Ẹ̀gbọ́n tó ń fi ọlọ́pàá gbé àbúrò lórí ààlà, ọ̀nà burúkú ló gbà. Ààfin yàtọ̀. Bí ìhà méjèèjì bá fínnú fíndọ̀ gbé ọ̀rọ̀ lọ síwájú Déjì, ọba Àkúrẹ́, tàbí àwọn ìjòyè, tí wọ́n gbà láti tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá sọ, tí wọ́n sì gba ìdájọ́ náà lọ́jọ́ náà, kóòtù lè ní kó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lọ sí ààfin kó tó rí lọ́yà, kó má rò pé ọ̀rọ̀ tó sọ níbẹ̀ ò ní jáde.

Lórí ìjọba, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń fi òfin tó ń dáàbò bo òṣìṣẹ́ ìjọba pe ẹjọ́ kúrò nílẹ̀, torí ó ní oṣù mẹ́ta péré ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ní láti pẹjọ́. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pẹjọ́ ń gbọ́ ọ, ẹ̀rù ń bà wọ́n. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ọ́ tipẹ́ pé òfin yẹn kò de ẹjọ́ ẹni tó ń wá ilẹ̀ rẹ̀ gbà. Gómìnà náà, abala 308 ìwé òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bo ara rẹ̀, kò dáàbò bo ipò rẹ̀. A lè pe ọ́fíìsì gómìnà lẹ́jọ́.

Ẹjọ́ á máa lọ. Adájọ́ á gba ìgbéga, wọ́n á tún un bẹ̀rẹ̀ níwájú ẹlòmíràn. Olùpẹjọ́ kìíní á kú, wọ́n á fi ọmọ rẹ̀ dípò. Ẹni tó bá rí i pé ẹjọ́ wà lórí ilẹ̀ tó sì rà á, ohun tí kóòtù bá sọ fún ẹni tó tà á fún un ni yóò gbà. Nígbà tí ìdájọ́ bá dé, oṣù mẹ́ta ni ẹni tó pàdánù ní láti lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, èyí tó ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́ níbí, kó tó tún kọjá sí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Abuja.

Ká ní ẹbí wá borí, tí kóòtù ní kí ìjọba san owó. Òfin ní ẹni tó fẹ́ gba owó ìjọba tó wà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba láti fi san gbèsè ìdájọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ agbẹjọ́rò àgbà. Ẹni tí wọ́n jọ wà ní kóòtù fún ọdún mẹ́wàá ni wọ́n ní kó o lọ bẹ̀. Ní 2017, nínú ẹjọ́ Interstella àti báǹkì àpapọ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dín in kù díẹ̀: níbi tí agbẹjọ́rò àgbà fúnra rẹ̀ bá ti lọ́wọ́ sí gbèsè náà, kò pọn dandan kí wọ́n gba àṣẹ rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń gbà láti jọ yanjú rẹ̀ kí ìdájọ́ tó jáde. Ìjọba á dá apá kan ilẹ̀ padà fún ẹbí, ẹbí á fi ibi tí ilé ti wà sílẹ̀, wọ́n á kọ ọ́, kóòtù á gbà á ní ìdájọ́. Ìdájọ́ ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó lè pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lé e lórí àfi tí kóòtù bá gbà fún un. Kí gbogbo ìdí-igi fọwọ́ sí ìwé yẹn, kí àwọn obìnrin ilé náà fọwọ́ sí i, kí sọ́fè tuntun wà pẹ̀lú rẹ̀ tó fi ibi tí ààlà tuntun gbà hàn.